Kọ́ọ̀dù Méje Orin Ìkórè

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá
Bọ̀dá Ọláyíwọlá, ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, kọ ohùn méje kan fún mi: la, ti, do, re, mi, fa, se (so tí a gbé sókè díẹ̀). Orin ìbànújẹ́ ni, àwọn ará òkèèrè ló ni ín. Bọ̀dá ní kí n fi yukulélé mi, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin, yọ kọ́ọ̀dù méje (ohùn mẹ́ta tó ń dún pọ̀) nínú rẹ̀ fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Kò le: mú ohùn kan, fo kan, mú kan, fo kan, mú kan. La-do-mi lónìí. Ìka kan péré. Ó dùn, ó sì ń bani nínú jẹ́.

Lókè, gbì, gbì, gbì. Onílé wa, Àlàájà Fáòsíátù (Ìyá Búlọ́ọ̀kù ni mo ń pè wọ́n níbí), ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé ilẹ̀ tí èmi àti Màámi ń gbé l'Ajáńgbádì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Ti-re-fa. Ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Ìka kékeré mi fẹ́ kú. Ó dún bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ burúkú, tó wá gbé e mì.

Ọjọ́bọ̀, 9
Yukulélé tí mo máa ń fi kọ́ sára ògiri kò fara ti ògiri mọ́. Orí rẹ̀ wà lára ìṣó, ìdí rẹ̀ ń fì lófo. Ìṣó ọ̀hún ti tẹ̀, àbí kí ni?

Àbámẹ́ta, 11
Do-mi-se. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, gíláàsì fèrèsé gbọ̀n gọ̀gọ̀gọ̀. Màámi ní, “Tóyọ̀sí, kí lò ń pè wọlé wá bá wa?” Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Àìkú, 12
Màámi ti lọ sọ fún wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ gbà mí o! Wòlíì ní àwọn rí ọwọ́ dúdú kan lẹ́nu ọ̀nà wa, orin mi ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Bọ̀dá Ọláyíwọlá, tó kọ ohùn náà fún mi, ń wo ìka ẹsẹ̀ wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ojo!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Ilẹ̀kùn yàrá Màámi há. Èjìká ni mo fi ṣí i. Ìlà kan ti là láti igun ilẹ̀kùn lọ sókè, bíró mi wọ inú rẹ̀. Mo fi han Ìyá Búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ní òjò ló mú igi wú. Òjò wo? Mo tún sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ tó ń kọrin òkú nínú ilé bàbá mi, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí ilé ṣe ń dúró?” Inú bí mi débi pé mi ò jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 16
Kọ́ọ̀dù kẹrin burú jáì: re àti fa fún mọ́ra wọn. Mi-se-ti, fa-la-do, ìyẹn rọrùn. Ó ku ẹyọ kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 17
Wòlíì dé pẹ̀lú àbẹ́là àti omi. Wọ́n gbé yukulélé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n yọ ìṣó pàápàá. Màámi ń sunkún, wọ́n sì ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo gbà. Kí ni ǹ bá ṣe?

Àìkú, 19
Ògiri ṣófo. Màámi ní àlàáfíà ti dé.

Ọjọ́ Ajé, 20
Wọ́n tún gbé búlọ́ọ̀kù gòkè. Gíláàsì gbọ̀n. Kò sí yukulélé nínú ilé o. Mo wo Màámi, Màámi wo Bíbélì.

Ọjọ́rú, 22
Ní Ìyànà Ìbà, bíríkìlà kan so irin mọ́ okùn, ó fi í kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di ojú kan. Mo bi í léèrè. Ó ní, “Tí irin bá jìnnà sí ògiri nísàlẹ̀, ògiri ń bọ̀ wá bá ẹ nìyẹn.”

Yukulélé mi ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ kẹsàn-án. Àwa la lé e jáde.

Mo bẹ Màámi pé ká lọ bá Bọ̀dá Àdìsá, àbúrò wọn, l'Ókokomáíkò. Wọ́n ní, “A ti gbàdúrà sí i. Tí a bá sá, a ti pe Ọlọ́run lónírọ́ nìyẹn.” Mo kúnlẹ̀. Mo sunkún. Wọ́n ní ó di ọ̀la.

Ọjọ́bọ̀, 23
Mo ti di ẹrù. Màámi wọ yàrá lọ mú Bíbélì wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn kí wọ́n lè pààrọ̀ aṣọ. Kò ṣí mọ́. Mo ti fi èjìká tì í títí èjìká mi fi bó. Irin wà lójú fèrèsé. Mo ti pe Bọ̀dá Àdìsá lórí fóònù, wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń gé irin. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, kí n jáde síta. Mi ò jáde. Mo jókòó ti ilẹ̀kùn, mò ń kọ èyí títí wọn yóò fi dé.

Kò sí òṣìṣẹ́ kankan lókè lónìí, síbẹ̀ òkè ń dún.

Màámi ní kí n má dákẹ́. Wọ́n ní kí n kọ orin yẹn fún àwọn, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

La, do, mi. Mò ń kọ ọ́. Iyanrìn ń dà sórí ìwé yìí.