Ìyá Tó Ń Ka Àdán ní Òjòwò: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Rachel Ìbíkẹ́ Ọlátúbọ̀sún (1948–2019)

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1948 ni a bí ìyá wa àgbà sí Ìbíadé, létí omi, nínú ìdílé Pa Japheth Ọmọ́títí, apẹja, àti ìyàwó rẹ̀, Sarah, tó ń yan ẹja tà. Ọmọ kẹta ni, òun nìkan sì ni obìnrin. Àwọn àgbà ìdílé sọ pé láti kékeré ni kì í ti í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Nígbà tí ìwé ọ̀fẹ́ dé ní 1955, wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ka ìwé mẹ́fà jáde ní 1960. Ọdún náà ni àìsàn dá bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, ìwé sì parí síbẹ̀. Ó bá ìyá rẹ̀ ru ẹja gbígbẹ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ibẹ̀ ni Nathaniel Ọlátúbọ̀sún, káfíńtà ará àdúgbò Òjòwò, ti rí i. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1969. Pa Nathaniel ṣáájú rẹ̀ lọ ní 2003.

Ní 1985, ó gba iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹranko. Ó máa ń ní òun gbọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ, nítorí òun kì í sá kíláàsì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 2007, olùkọ́ kan níbẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Bàdírù, pè é wọ ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àdán. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ náà. Ó ń ka àwọn tó ń sùn sórí igi àràbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, bí wọ́n ṣe ń jáde lọ jẹun ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá ka ọgọ́rùn-ún, á mú hóró àgbàdo kan láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì. Lẹ́yìn náà, á kọ iye wọn àti ọjọ́ sínú ìwé kan. Ó ní àdán ló ń bá wa gbin ìrókò, torí wọ́n ń jẹ èso rẹ̀, wọ́n sì ń yàgbẹ́ hóró rẹ̀ kiri inú igbó.

Ṣùgbọ́n aṣọ funfun tí ìjọ bá sá lábẹ́ igi náà, tòun ti ìgbẹ́ àdán la fi ń ká a. Ní oṣù Karùn-ún 2011, ìjọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje lórí wọn. Lọ́jọ́ tí ààwẹ̀ parí, kò ku ẹyọ kan lórí igi. A jó, a se ìrẹsì ọpẹ́. Màmá mọ̀ pé ọdọọdún ni wọ́n ń lọ bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò sì wí nǹkan kan. Títí ó fi kú ló ń pe ìdákẹ́jẹ́ yẹn ní àṣìṣe òun.

Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n padà dé. Àwọn kan ní ẹnìkan ló pè wọ́n. Ṣebí wọ́n ti rí Màmá lábẹ́ igi, tó gbójú sókè, tí ẹnu rẹ̀ ń mì. Ìgbìmọ̀ pinnu pé kí wọ́n gé igi náà ní Sátidé, kí Màmá sì bọ́ aṣọ funfun rẹ̀ sílẹ̀. Ní Ọjọ́rú, Wòlíì Adéníran pè é síwájú ìjọ.

“Ìyá Leah, kí lẹ ń pè lábẹ́ igi yẹn?”

“Mi ò pe nǹkan kan, Bàbá. Kíkà ni mò ń kà wọ́n.”

Ó gbé ìwé rẹ̀ kalẹ̀. Wòlíì kà á sókè: 2008, oṣù Karùn-ún, wọ́n lọ. 2009, oṣù Karùn-ún, wọ́n lọ. 2010, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Alàgbà Bùsúyì ló fọhùn. “Ẹ mọ̀, ẹ sì bá wa jẹ ìrẹsì!”

“Mo bá yín gba ààwẹ̀ rẹ̀ náà, Alàgbà. Ebi ń pa mí.”

Wòlíì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Màmá kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì pé òun dákẹ́, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún igi náà. Ẹgbẹ́ Ọ̀mọ̀wé Bàdírù ra pánù, àwọn tí Pa Nathaniel kọ́ níṣẹ́ kan àtíbàbà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, abẹ́ rẹ̀ ni a ń sá aṣọ sí. Wọn kò gé igi náà, Màmá kò sì bọ́ aṣọ rẹ̀.

Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì 2019. Ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Leah, Adéfọlá àti Mary; ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì.

Ẹ̀yin ẹbí àti ará, Wòlíì Adéníran ló ní kí a bẹ̀ yín: kò ní sí ìbọn, kò ní sí bánńgà níbi ìsìnkú yìí. Àkókò yìí ni àwọn abiyamọ àdán gbé ọmọ máyà lórí igi. Bí wọ́n bá ta gìrì, ọmọ á já bọ́. Kí àwọn onífèrè náà rọra fun.

Màmá, ẹ sùn ire. Kí Olúwa tẹ́ ẹní ìsinmi fún yín, kí ariwo ayé má jí yín mọ́.