Igbá Tí Àjàní Kò Dì Mú

Bàbá mi tó sùn tí kò jí mọ́,

Inú ń bí mi, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́. Ìyá mi kì í dáhùn mọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀. Ìwé díẹ̀ tí Tíṣà kọ́ mi ní Ìsẹ́yìn ni mo fi ń kọ èyí. Mi ò tíì parí ilé ìwé, mi ò sì rò pé mo máa parí ẹ̀.

Àbúrò yín, Bàbá Kékeré, ló gba igbá yín. Òun ló ń gbé èrò sọdá odò báyìí. Bí ẹ ṣe ń ṣe é náà ló ń ṣe é: èrò á gbé àyà lé igbá, á na ọwọ́ méjèèjì, òun á di apá rẹ̀ mú láti òdìkejì igbá, á máa fi ẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í bá ọmọdé ṣẹ̀fẹ̀ lórí omi. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹja ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ wa.

Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ ìyá yín fún wa. Ogun lé e dé etí odò pẹ̀lú oyún yín nínú, apẹja kan tí kò mọ̀ rí na ọwọ́ sí i lórí igbá, bẹ́ẹ̀ ni ilé àkọ́kọ́ ṣe dúró sí orí ilẹ̀ yìí láàárín omi. Àwọn ilé tó kù ń tẹ̀lé e, kálukú pẹ̀lú ogun tó lé e. Ẹ ní ẹni tá a bá ti di apá rẹ̀ mú lórí omi ti di ará ilé wa, a kì í fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo gbà yín gbọ́.

Nígbà tí odò kún lọ́dún yìí, àwọn akódà ajẹ́lẹ̀ dé, wọ́n ń wá ọkùnrin tí yóò ru ẹrù ogun òyìnbó. Igbá kì í gbà ju ẹnì kan lọ. Bàbá Kékeré gbé wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá. Lọ́kọ̀ọ̀kan! Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi, Àjàní, nínú oko iṣu. Wọ́n tú okùn ọwọ́ rẹ̀ kó lè di igbá mú, Bàbá Kékeré gbé e sọdá, wọ́n tún dè é ní òdìkejì.

Mo pariwo mọ́ ọn: "Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín nìyẹn!"

"Alákọ̀wé, pa ẹnu ẹ dé. Ẹni tó bá ti ké sí mi létí odò ni mò ń gbé. Bàbá ẹ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Ṣé òótọ́ ni? Mi ò rí yín kí ẹ kọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ká ní ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ ńkọ́?

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, a gbọ́ ohùn Àjàní lókè odò. Ó ti sá kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó rù, èjìká rẹ̀ ti bó. Omi ṣì kún, kò sẹ́ni tó lè dá wẹ̀ ẹ́ já. Bàbá Kékeré gbé igbá bọ́ sómi, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i.

Àjàní kàn ń wo ọwọ́ náà.

"Dì í mú!" Ìyá mi ń ké. "Ọmọ mi, ṣáà dì í mú!"

Bàbá Kékeré náà ń bẹ̀ ẹ́: "Àjàní, jọ̀ọ́. Jẹ́ n gbé ẹ délé."

Àjàní yí ẹ̀yìn padà, ó gba ọ̀nà Ṣakí. Kò sí ẹni tí wọ́n lé dé etí odò wa tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Kékeré ṣì na ọwọ́ síbẹ̀ nínú omi.

Lánàá, Ìyá mi bi mí bóyá Ṣakí jìnnà. Mo ní kò jìnnà.

Èmi ọmọ yín, tí inú ń bí sí yín, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yé fẹ́ràn yín.