Jìtá Méjì Nílé Ìbejì

Táyé o! Sàláúdéènì Táíwò Àkànó! Ọdún mẹ́ta rèé tí o ti lọ, inú ṣì ń bí mi.

Àwọn àgbà Ìgbó-Ọrà ní n ò gbọdọ̀ sọ pé o kú. Wọ́n ní a kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìbejì, kí ọ̀kan má baà pe èkejì. Wọ́n ní kí n máa sọ pé o rìnrìn-àjò. Mo gbà fún wọn, torí pé Ìyá wa wà láyé, mi ò sì fẹ́ kí àyà wọn máa já nítorí ọmọ kan tó kù. Ìyá wa náà ti lọ bá ọ báyìí. Nítorí náà, lónìí, èmi Kẹ́hìndé rẹ, Mùínàt aránṣọ, n ó sọ tinú mi.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ọ. Rùkáyàt ìyàwó rẹ ti kan òrùlé sórí ilé tí o kọ́ dé ojú fèrèsé. Gààrí ló tà tó fi kàn án, kì í ṣe àánú ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn iwájú ń han bí a bá ń ṣí i. Ká ní o wà ńlé ni, ìwọ àti káfíńtà ì bá ti jọ wọ̀yá ìjà. Ọmọ́ṣọlá, ọmọ rẹ, ti ga jù mí lọ. Imú rẹ, ẹ̀rín rẹ, agídí rẹ, gbogbo rẹ̀ ló kó! Japheth tó máa ń lu ìlù lẹ́yìn rẹ ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èrúwà. Orin tí àwọn ṣójà ní kí o kọ tí o kọ̀, òun ló lọ bá wọn kọ ọ́, rédíò sì ń gbé e láràárọ̀. Ó wá kí wa nígbà Iléyá. Rùkáyàt fún un lómi. Èmi ò fún un ní nǹkan kan, ojú mi gan-an ò kúrò lára abẹ́rẹ́.

Ṣé wọ́n rò pé a ti gbàgbé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni? Ìwọ lo kọ́kọ́ fi jìtá oníná kọrin láàárín wa níhìn-ín! Àwọn àgbà ń di etí, àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀lé ọ, ìwọ pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ tí ẹnu rẹ̀ ń gbálẹ̀. Bàbá wa, Sàlámì àgbẹ̀, ló ta ẹ̀gúsí tí wọ́n kó lóko lọ́dún yẹn, tí wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n ra jìtá bọ̀. Méjì! Ọlọ́jà ní ta ló fẹ́ máa fi èkejì kọrin. Bàbá ní ìbejì làwọn bí, kó bá àwọn dì í. Ọ̀rọ̀ parí. Bí wọ́n ṣe ń ra bàtà fún wa nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń ra abọ́ nìyẹn. Ohun tó bá dọ́wọ́ Táyé gbọ́dọ̀ dọ́wọ́ Kẹ́hìndé. Bí èmi tí mi ò mọ orin kankan ju ti ẹ̀rọ ìránṣọ lọ ṣe di oníjìtá nìyẹn. Mo gbé tèmi kọ́ ara ògiri pálọ̀, mò ń nù ún ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Tìrẹ ti họ, òógùn ọwọ́ rẹ ti pa á láwọ̀ dà.

Ìgbà tí ṣójà gba ìjọba ni òkìkí rẹ kàn. Ọ̀gá wọn kan wá sílé wa, ó jókòó sórí àga Bàbá láì ṣí fìlà. Ó ní kí o kọ orin yin ìjọba ológun. O ní o ò mọ bí wọ́n ṣe ń yin ìbọn. Ó ní kí o lọ rò ó wò. O sì rò ó lóòótọ́! Àwo tí o ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gúsí lo yìn nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. O yin ilẹ̀ Ìbàràpá, o yin àwọn ìyá tó ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi, o ní, “Ẹni tó bọ́ wa la ó yìn.” Kò sí èébú kankan níbẹ̀, àmọ́ ó yé ọjà Ìdèrè yékéyéké. Bí ọkọ̀ ṣójà bá ń kọjá, àwọn obìnrin á dá orin náà, wọ́n á sì máa bó ẹ̀gúsí wọn lọ láì gbójú sókè.

Wọ́n bínú o! Wọ́n ní rédíò ò gbọdọ̀ gbé e mọ́. Wọ́n kó àwo náà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, wọ́n sun ún. Kí ni ẹ̀gúsí ṣe fún wọn, àbí àwọn ò jẹ ẹ́ ni?

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá nítorí jìtá rẹ. Wọ́n já wọ pálọ̀, wọ́n rí èyí tó ń dán lára ògiri. Ọ̀gá wọn ní jìtá gbajúmọ̀ nìyí. Wọ́n gbé e síwájú ilé, wọ́n fi bàtà tẹ̀ ẹ́ wómúwómú níṣojú Ìyá wa, wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Jìtá tèmi! Èyí tí ẹnikẹ́ni ò fi kọrin rí! Tìrẹ ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń rán àpò tuntun fún un. Aláìmọ̀kan gbogbo! Wọ́n wọ ilé ìbejì, wọn ò béèrè nǹkan kan. Ọmọ ọwọ́ Ìgbó-Ọrà mọ̀ pé nílé ìbejì, nǹkan kì í jẹ́ ẹyọ kan.

O rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó sílẹ̀. Kò pẹ́ tí o gbé èyí tó kù lọ sọ́jà Ìdèrè, tí o fi kọrin lọ́sàn-án gangan. Àwọn kan ṣì ń bi mí pé kí ló dé tí mo gbé e fún ọ. Jìtá ta ni? Bí ọjọ́ náà bá tún padà, n ó tún gbé e fún ọ, n ó sì bá ọ fi okùn rẹ̀ kọ́ èjìká.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ gan-an ni wọ́n wá mú. Wọ́n ní àwọn bá igbó lápò rẹ. Irọ́! Irọ́ tó jìnnà sóòótọ́! Ìwọ tí èéfín ààrò lásán máa ń mú wúkọ́! Nígbà tí wọ́n dá ọ sílẹ̀, àwọn ìka ọwọ́ òsì rẹ ò ká mọ́. Mò ń fi omi gbígbóná ra ọwọ́ rẹ, ò ń wo ògiri. Jìtá tí wọn ò rí fọ́ nínú ilé, ara rẹ ni wọ́n ti fọ́ ọ.

Síbẹ̀, o pe Ọmọ́ṣọlá jókòó tì ọ́, o fi ẹnu kọ́ ọ ní ohun tí ọwọ́ rẹ ò lè ṣe mọ́. Gbé ìka yẹn sókè. Má tẹ̀ ẹ́ pa. Tún un ta. Ikọ́ tí o gbé bọ̀ láti ẹ̀wọ̀n ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu, ò ń dúró dè é, ò ń tẹ̀ síwájú, títí o ò fi lè dìde lórí ẹní mọ́.

Ìrìn-àjò wá ni wọ́n ń pè yẹn? Ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò a máa fọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù. Ta ló di tìrẹ? Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo rán ọ ṣíwájú wá tọ́ ayé wò. Mi ò rán ọ ṣíwájú padà! O ò rìnrìn-àjò, Táyé. Wọ́n pa ọ́ ni. Mo ti sọ ọ́. Bó bá máa pè mí, kó pè mí.

Lónìí, Ọmọ́ṣọlá fẹ́ fi jìtá rẹ ta orin ẹ̀gúsí níwájú ilé, níbi tí wọ́n ti tẹ tèmi fọ́. Rùkáyàt ní bí wọ́n bá wá ńkọ́. Mo fà á lọ́wọ́ wọ pálọ̀. Mo ti ra jìtá mìíràn, Àkànó. Ó ń dán, mi ò sì mọ̀ ọ́n ta títí di òní. Ìṣó tí wọ́n ti já tàkọ́kọ́ ni mo gbé e kọ́.

A ṣì ń ṣàárò rẹ. Ìfẹ́ rẹ ò dín lọ́kàn wa, ìbínú mi náà ò dín. Bí wọ́n bá tún dé, tèmi nìyẹn lára ògiri, kí wọ́n máa fọ́ ọ. Tìrẹ wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ, ó ti ń dún.