Ẹní Ìyá Wa Tó Bọ́ Sọ́wọ́ Mareta

Ẹ̀gbọ́n mi Lupe,

Ara mi le, òtútù ìlú Logan níbí kò tíì pa mí. Eré ṣọ́ọ̀ṣì wa dùn gan-an. Pelenato ọkọ mi ló ṣe olóyè tó pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìgbéraga ní kó má tẹríba, ọkàn rẹ̀ ní kó lọ bẹ opó ọ̀rẹ́ náà. Níkẹyìn ó kúnlẹ̀, ó fi ẹní tí Ìyá wa hun borí bí ẹni tó ń tọrọ ìdáríjì ti ń ṣe nílé wa, ó ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Mareta tó ṣe opó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó sì ṣí ẹní náà kúrò. Èmi náà sunkún. Mo ṣe bí èmi ló ń bẹ̀.

Nígbà tí eré parí, mo bi Pelenato pé, “Ẹní mi dà?”

“Ṣé o ti gbàgbé àṣà ni? Ẹni tó bá ṣí ẹní ẹ̀bẹ̀ ló ni ín.”

“Ṣebí eré lẹ ń ṣe, àbí ẹ̀yin náà pààyàn?”

“Ohun tí mo sọ lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe eré.”

Ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Mareta. Kò burú, gáàsì mi kì í tètè tán mọ́.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Bí wọ́n bá bèèrè ọkọ mi, ẹ ní ó mọ eré ṣe.

Àbúrò yín,
Fuatino