Àwọn Irinṣẹ́ Tí Mo Yọ Nínú Àpótí Bàbá

Bọ̀ọ̀dá Babátọ́pẹ́,

Okun o. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. A ti gbin iṣu tán ní Iyamoye. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀ díẹ̀.

Bàbá á ti fẹjọ́ mi sùn yín pé mo kó irinṣẹ́ nínú àpótí tí ẹ fi ránṣẹ́ fún bọ́ọ̀sì wọn. Òótọ́ ni. Mo fi sípánà mẹ́ta, ẹ̀mú àti jáàkì sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n lè fi wọ́n ṣe, bíi pípààrọ̀ táyà tàbí dídè bátìrì, kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Gbogbo èyí tó lè tú ẹ́ńjìnnì ni mo yọ.

Lóṣù tó kọjá, bọ́ọ̀sì náà kú nínú igbó lọ́nà Odo-Ape, lásìkò táwọn ajínigbé ń dà wá láàmú yìí. Dáramọ́lá, awakọ̀ àdúgbò wa, dúró, ó ní, "Bàbá, ẹ wọlé ká máa lọ!" Bàbá rẹ́rìn-ín: "Ta ni yóò sá? Ọmọ mi ti kó odindi ilé mẹkáníìkì fún mi!" Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi tú ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Wọ́n délé láyọ̀, àmọ́ kí àpótí yẹn tó dé, ńṣe ni wọ́n máa ń fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ wálé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ní kí n yọ wọ́n. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, àmọ́ tiyín nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ẹkún pàdé.

Àbúrò yín,
Ayọ̀kẹ́mi