Bí Mo Ṣe Na Àlàó Ní Dráàfù

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹjọ 2025

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa kọ̀wé lójoojúmọ́ kí ọwọ́ ọ̀tún mi lè rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ó dáa. Mo ń kọ ọ́ nìyí. Ó rí bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí iyẹ̀pẹ̀.

Oṣù kẹta rèé tí rọpárọsẹ̀ gbé mi ṣánlẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé. Ọpẹ́ ni pé kò sí ọmọ kankan nínú bọ́ọ̀sì tí mò ń wà nígbà náà. Ẹsẹ̀ ti ń gbé mi rìn. Ẹnu ti tọ́. Orí nìkan ni wọn ò tíì gbà pé ó pé. Màdáàmù tó ni ilé ìwé ní àwọn ń fi àyè mi pamọ́ di ìgbà tí àwọn ọmọ á wọlé lóṣù tó ń bọ̀. "Bàbá, tí ọpọlọ yín bá ti jí dáadáa, ẹ wá gba kọ́kọ́rọ́ yín."

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ọpọlọ òun ti jí? Èmi mọ ohun tí màá fi wọ̀n ọ́n: Àlàó. A jọ dàgbà ni, òun ló sì mọ dráàfù ta jù nínú ẹgbẹ́ wa ní Ìbà Estate. Ọjọ́ tí mo bá nà án, ọjọ́ náà ni mo yá.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹjọ

Mo dé abẹ́ igi fúrúùtù tí ẹgbẹ́ wa ti ń ṣeré láago mẹ́rin. Wọ́n ti ń palẹ̀ ọpọ́n mọ́. Wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, àmọ́ wọ́n tún un tẹ́ nítorí tèmi.

Lúdò ló wà lóde báyìí. Lóṣù tó kọjá, Sikírábù ni, kí Kọ́lá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan, tí ìjà fi bẹ́. Kọ́lá yìí ni mò ń pè ní Mẹgafóònù. Tó bá pa ọmọ lúdò kan, wọ́n á gbọ́ ọ ní Okokomaiko.

Èmi àti Mẹgafóònù ta. Ọmọ mi kan dúró gbangba níwájú rẹ̀. Ó ta oókan tó lè fi pa á, ó wá lọ gbé ọmọ mìíràn. Mo ní, Kọ́lá, ojú ẹ dà? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ká mi mọ́ o." Mo borí. Kò tiẹ̀ pariwo.

Nírọ̀lẹ́ nílé, Ìyá Pẹ̀lúmi, ìyàwó mi, gbé ọpọ́n ayò jáde. Inú ìwé yìí ni mo ti ń pè é ní Sójà — tó bá gbọ́, mo gbé. Ó jẹ mí tán porogodo. "Òpè! Ẹ lọ kọ́ṣẹ́ wá!" Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ na Kọ́lá! Obìnrin yìí ò láàánú. Kódà nígbà tí mi ò lè fọwọ́ mú ọmọ ayò, ṣe ló ń bá mi mú un, tó sì ń jẹ mí lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kẹjọ

Ṣọ́ọ̀ṣì. Sójà tún jẹ mí. Ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kẹjọ

Dráàfù ti padà dé! Lúdò ti sú wọn. Èmi àti Àlàó ta ọ̀mì. Ọ̀mì, pẹ̀lú Àlàó! Mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ láti ìgbà tí mo ti délé. Mo sọ fún Sójà. Ó ní kí n wá bó ẹ̀gúsí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kẹjọ

MO NA ÀLÀÓ.

Ó gbé ọmọ kan síwájú, àyè ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo rí i! Mo jẹ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, mo wọ kíńgì. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Àlàó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Akínkúnmi, o ti padà." Omi bọ́ lójú mi níwájú Kọ́lá àtàwọn ọmọdé yòókù, mi ò tijú.

Lọ́jọ́ Ajé, màá lọ rí Màdáàmù. Mo ti ń rí bọ́ọ̀sì yẹn lójú mi. Sàmíát, ọmọ ọmọ Àlàó, á tún jókòó lẹ́yìn mi gan-an, á máa kọrin sí mi létí títí a ó fi dé.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ mi. Mo gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wa kọjá, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n kàn ń wo ara wọn. Ìlara ni.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Àlàó wá sílé. Kò jókòó. Ó ní òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ níta.

Ó ní àwọn ló ń jẹ́ kí n máa borí. Látìgbà tí mo ti tọ́sibítù dé. Òun ló pe gbogbo wọn jọ, tó bẹ̀ wọ́n. Ó ní, "A ò fẹ́ kínú ẹ bàjẹ́ ni, ọ̀rẹ́ mi." Lúdò, dráàfù, gbogbo ẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa fi falẹ̀ díẹ̀ kí n má bàa fura. Ti gidi, wọ́n ti máa ń ta á tán kí n tó dé.

Mo bi í: Kí ló dé tó o fi wá ń sọ fún mi báyìí? Mo tún bi í: Tí kì í bá ṣe pé Sàmíát ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́? Ṣé ò bá jẹ́ kí n fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ ọlọ́mọ?

Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó yí padà, ó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀dàlẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ láàárọ̀, nígbà tí wọn ò retí mi. Láti títì ni mo ti ń gbọ́ ohùn Mẹgafóònù — "Ó kú! Ẹ gbé òkú ẹ!" Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ariwo yẹn kẹ́yìn.

Mo jókòó síwájú Àlàó. Mo ní kó ta á bó ṣe ń bá ọkùnrin ta á. Ó ta á. Mi ò mọ ibi tó gbà wọlé. Mo ń wo ọpọ́n, ọpọ́n ń wò mí. Gbogbo ọmọ mi ló jẹ tán. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Inú ń bí mi, inú ń bí mi. Kì í ṣe tìtorí pé mo fìdí rẹmi. Wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, èmi náà sì ń yọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà. Màdáàmù ní kí n má bínú. Mi ò bínú sí i.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Pẹ̀lúmi. Mi ò tíì sọ fún un tẹ́lẹ̀, ìtìjú ni. Mo sunkún bí ọmọdé. Ó di orí mi mú mọ́ àyà rẹ̀.

Ó ku Sójà. Sójà ò dá mi sí rí. Ọlọ́run ṣeun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Òun ló gbé ọpọ́n ayò jáde nírọ̀lẹ́. A ń ta á. Mo ṣì í ta, ihò mi mẹ́ta tò léra, ọmọ méjì-méjì ló máa wà nínú wọn bí ó bá ta èyí tó kángun sí mi, á sì jẹ gbogbo wọn. Obìnrin tó ń jẹ èyí tó fara sin! Ọwọ́ rẹ̀ dé ihò yẹn. Ó dúró. Ó wá lọ kó òmíràn.

Mo jẹ ẹ́. Mo di ọ̀ta, òun di òpè. Ó ní, "Bàbá Pẹ̀lúmi, ẹ ti ń mọ̀ ọ́n ta o." Kò wojú mi.

Mo ní ká tún un ta. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ mí.

Ó ní ó ti rẹ òun. Ó ń kó àwọn ọmọ ayò sínú àpò wọn, díẹ̀díẹ̀.