Ẹ̀rọ Omi Olórí Ṣáwà Tí O Rà fún Ilé Ìdáná Wa

                                                  Ilé Àgbẹ̀, Òkè-Odò,
                                                  Ìlórò-Èkìtì,
                                                  Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023.

Gbóyèga, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Adédoyin ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ní kí o máa ṣọ́, ṣé ó ti wálẹ̀? Tọkàntọkàn ni mo fi ń béèrè, nítorí pé ìyá kan ló bí wa, inú bíbí kò sì ní kí n má kí ọ. Àwa náà wà láàyè níbí. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí. Mo ti kí ọ tán o. Ọ̀rọ̀ tó kù kò dùn. Tíṣà Ruth tó ń bá mi kọ ọ́ ti bẹ̀ mí pé kí n rọra, mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí pé o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ìwé kò ṣeé já gbà.

Ẹ̀rọ omi tí o rà fún síǹkì ilé ìdáná wa ló ń padà bọ̀ wá bá ọ ní Ìbàdàn pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo ti ní kí wọ́n tú u. Lọ dè é mọ́ ilé tìrẹ.

Nígbà tí o tún ilé ìdáná bàbá wa ṣe, mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Ṣùgbọ́n ta ni o bi léèrè kí o tó ra ẹ̀rọ yẹn? Ibi méjì tí wọ́n ń dì mú yí lára rẹ̀ rí roboto, wọ́n ń dán bíi dígí, ọ̀kan ní àmì pupa, èkejì ní àmì búlúù. Yẹ̀kínì púlọ́mbà, ọmọ Ìkìrun tó ti ń gbé ọ̀dọ̀ wa láti ọjọ́ pípẹ́, béèrè lọ́wọ́ mi pé níbo ni omi gbígbóná ti ń bọ̀ tí òun máa so mọ́ pupa. Mo ní kó bi ọ́. O ní kó ṣáà dè é bẹ́ẹ̀, pé ó bá ògiri mu. Gbóyèga, orí iná igi ni omi ti ń gbóná nílé yìí! Pupa wà níbẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí a yà sára ògiri.

Orí rẹ̀ tó ń fà jáde pẹ̀lú róbà ńkọ́, èyí tó yẹ kó máa tú omi wẹ́wẹ́ bíi ṣáwà? Ẹkún ló ń sun. Táǹkì wa kò ga ju òrùlé lọ, omi kò ní agbára tí yóò fi tú jáde. Róbà náà, bí a bá ti fà á, kì í padà sí àyè rẹ̀ mọ́. Á kàn nà sínú síǹkì bí ejò tí wọ́n lù pa.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Èyí tí mi ò lè fara dà ni ti Bọ́sẹ̀ ìyàwó mi.

O mọ̀ pé làkúrègbé ti mú un ní ìka. Ohun tó bá nípọn bí ọmọ odó, ó ṣì lè fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá a mú, ó sì ń gún iyán. Ohun kékeré, roboto, tó ń yọ̀, ni kò lè yí. Wá fi iyán kún ọwọ́ bẹ́ẹ̀, kí o sì ní kó yí bọ́ọ̀lù dígí rẹ! Kò lè ṣí i dáadáa, kò sì lè tì í pa. Omi ń kán títí táǹkì fi ń gbẹ. Èmi náà, òpònú tí mo jẹ́, ojoojúmọ́ ni mo ń pariwo mọ́ ọn: “Bọ́sẹ̀, ṣé odò ni bàbá rẹ fi sílẹ̀ fún ọ ni? Ti ẹ̀rọ pa!” Á mú àkísà, á máa nu ilẹ̀.

Ìyàwó rẹ wá kí wa lóṣù tó kọjá. Ó rí omi nílẹ̀, ó rí ìkòkò tí a kò fọ̀ mọ́, ó wá padà lọ sọ fún ọ pé ìyáalé òun ti darúgbó, kò lè dá ilé ìdáná ṣe mọ́. Ni o bá pè mí pé kí n múra rẹ̀ sílẹ̀, pé lẹ́yìn ìkórè ẹ máa wá mú un lọ sí Ìbàdàn, kó lọ máa jókòó lọ́dọ̀ yín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ti oko dé kí àkókò tó tó. Mo bá Bọ́sẹ̀ nídìí síǹkì. Ó fi etí ìró rẹ̀ wé ẹ̀rọ náà, ó tẹ orí ba, ó ń fi eyín fa aṣọ kí ẹ̀rọ lè yí.

Mo ní, “Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

Ó ní, “Kí n sọ kí ni? Akọ̀wé mi ló rà á. Ṣé èmi ni màá wí pé ohun tí ọkọ mi rà kò dára?”

Akọ̀wé! Láti ọjọ́ tó ti wọlé wa ní ìyàwó ló ti ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí o ṣì ń gbé síléètì lọ sí ilé ìwé, nítorí pé o ti wà nílé kó tó dé, kò sì gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ. Ọkọ ni o jẹ́ fún un. Ó ń fi eyín ṣí ẹ̀rọ kó má baà tàbùkù rẹ, ìwọ sì ń wí pé agbára rẹ̀ ti tán. Mo bi í bóyá ó fẹ́ lọ sí Ìbàdàn. Ó ní, “Bí ẹ bá ní kí n lọ, màá lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní ulé mìíràn.” Ó kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ Ajé mo wọ ọkọ̀ lọ sí Arámọkọ, sí ṣọ́ọ̀bù Ayọ̀bọ́lá tó ń ta ohun èlò omi. Mo fi aṣọ di ìka mi pọ̀, mo wá ń fi ìgbọ̀nwọ́ ta gbogbo ẹ̀rọ tó tò sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ayọ̀bọ́lá ní, “Bàbá, ṣé ọjà lẹ wá rà ni, àbí ìjà lẹ wá jà?”

Mo ní, “Dákẹ́ jàre, ìyàwó ni mo ń fẹ́.”

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí bí táǹkì wa ṣe ga tó. Ìwọ tó kàwé kò béèrè ìyẹn! Nígbà tí mo sọ fún un, ó ti gbogbo olórí ṣáwà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mú òmíràn wá, tó ní òrùka lẹ́nu tí a máa yí kí omi lè di wẹ́wẹ́. Mo ní ìka ni ìyẹn náà fẹ́, kó gbé e kúrò. Èyí tí mo rà kò ní ju ọwọ́ kan lọ, ó gùn, ó sì pẹlẹbẹ. Ìgbọ̀nwọ́ ta á sókè, omi dé. Ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, omi dúró. Ọrùn rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìkòkò iṣu fi ń wọ abẹ́ rẹ̀ lóòró.

Yẹ̀kínì dè é lánàá. Bọ́sẹ̀ gún iyán tán, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ṣí omi, ó fọ ọwọ́, ó tì í pa. Ó tún ṣí i. Ó tún tì í. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo ariwo tí mo pa. Ó ní kí n jókòó, kí n jẹun.

Nítorí náà, má rán mọ́tò wá o. Bọ́sẹ̀ kò lọ síbì kankan. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ìwọ fá orí tán, o tún fẹ́ gbé olórí lọ! Bí o bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́, wá fúnra rẹ. Má ra nǹkan kan dání.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Kí Adédoyin pẹ̀lú; ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ. Bọ́sẹ̀ ní kí n kí ọ, kò sì mọ ohun tí mo kọ. Ó ní kí n béèrè iye iṣu tí òun máa bẹ sílẹ̀ dè ọ́ nígbà tí o bá ń bọ̀. Mo ní kó bẹ ẹyọ kan. Bí o bá ti tọrọ àforíjì, kó bẹ ìkejì.

Èmi tí a jọ mu ọmú kan náà,
ẹ̀gbọ́n rẹ,
Afọlábí.